John Hulett, Ṣẹ́rífù Tí Àwọn Ènìyàn Rẹ̀ Yàn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí Ìwé Kìn-ín-ní

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti oko dé, kò tíì jẹun tí ó fi wá síhìn-ín. Ẹlòmíràn sáré palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ kí ó lè tètè dé. Ọlọ́run yóò fi èrè sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bí a ti ń ka ìwé ìròyìn, a kan ọ̀rọ̀ kan: ṣẹ́rífù. Ìyá kan nínú wa béèrè pé, "Tíṣà, kí ni wọ́n ń pè ní ṣẹ́rífù?" Mo dáhùn pé olórí àwọn agbófinró ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti pé àwọn ará ìlú ni wọ́n ń dìbò yàn án. Nígbà náà ni bàbá kan tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ará ìlú dìbò yan ọlọ́pàá? Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí ìlú kan bá wà tí wọ́n ti ń fi kóńdó na àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ayébáyé, tí kóńdó náà wá bọ́ sí ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn, ta ni yóò kọ́kọ́ nà?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ńlá ni bàbá béèrè. N kò lè fi ẹnu lásán dáhùn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìtàn tí mo mú wá lálẹ́ yìí ni ìdáhùn mi. Ìtàn òtítọ́ ni, kì í ṣe àlọ́. Orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni John Hulett.

1. Kí ni iṣẹ́ ṣẹ́rífù?

Ìpínlẹ̀ 50 ni ó wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ yìí ni wọ́n tún pín sí apá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kaúńtì. Ẹ kúkú kà á sí bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí ìtàn wa ti ṣẹlẹ̀, kaúńtì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ṣẹ́rífù tirẹ̀. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n máa ń dìbò yàn án.

Kí ni ṣẹ́rífù ń ṣe? Òun ni ó ń mú ọ̀daràn. Òun ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n kaúńtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó ń mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún ẹni tí kọ́ọ̀tù bá pè. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ gbà, tí wọ́n ń gbé ìbọn, tí wọ́n sì ń kiri ojú ọ̀nà ní ọ̀sán àti ní òru.

Ẹ rí i pé iṣẹ́ ńlá ni. Bí ṣẹ́rífù bá jẹ́ ènìyàn rere, tálákà yóò sùn, yóò han-run. Bí ó bá jẹ́ ìkà, bí ajá bá gbó lóru, àyà onílé yóò já.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìjọba àpapọ̀ ni ó ń fi ọ̀gá ọlọ́pàá sí ipò. Àwọn bàbá wa àtijọ́ mọ akódà. Ọba àti ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń gbà á sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti ṣẹ́rífù, ìbò ni ó ń gbé e wọlé, ìbò ni ó sì ń lé e jáde. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí kò ní ìbò, kò ní ṣẹ́rífù. Ṣẹ́rífù ẹlòmíràn ni yóò máa ṣe olórí rẹ̀.

2. Ibi tí Hulett ti wá

Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 1927 ni wọ́n bí John Hulett ní kaúńtì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lowndes, ní Alabama. Adúláwọ̀ ni. Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ni. Àgbẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀.

Kaúńtì Lowndes wà láàrín ìlú Selma àti ìlú Montgomery. Ilẹ̀ òwú ni. Ní nǹkan bí ọdún 1960, àwọn ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí a bá ka ènìyàn mẹ́wàá níbẹ̀, mẹ́jọ jẹ́ adúláwọ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé òyìnbó díẹ̀ ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn adúláwọ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Bí wọ́n bá kórè òwú tán, onílẹ̀ á mú tirẹ̀, á yọ gbèsè tirẹ̀, ohun tí ó bá sì ṣẹ́kù ni àgbẹ̀ yóò gbé lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣẹ́kù.

Àwọn ènìyàn ní orúkọ kan tí wọ́n fi ń pe Lowndes. Wọ́n ń pè é ní Lowndes ẹlẹ́jẹ̀. Ìdí ni pé wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì jìyà rẹ̀.

Nígbà tí Hulett dàgbà, ó lọ sí ìlú Birmingham láti ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Iṣẹ́ iná ni, iṣẹ́ òógùn ni. Níbẹ̀ ni ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀. Ní ọdún 1956, ìjọba Alabama dá ẹgbẹ́ NAACP dúró ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Àwọn adúláwọ̀ Birmingham kò sùn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, Àlùfáà Fred Shuttlesworth ni olórí wọn. Hulett wà lára wọn. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣí àpáta nídìí, àfi bí ọwọ́ bá pọ̀.

Ní ọdún 1959, ó padà sí Lowndes. Ó wá ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì ń tọ́jú bàbá rẹ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí èyí. Ọkùnrin tí ó ti rí ìlú ńlá padà sí abúlé. Ó wà láàrín àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ wọ́n. Ìgbà tí ọjọ́ ìṣòro dé, wọn kò ní kí a wá olórí láti òkèèrè.

3. Ìwé kíkà tí wọ́n fi dínà

Ẹ tẹ́tí sí ibi yìí dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ wa gan-an ni.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1965, kò sí adúláwọ̀ kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé olùdìbò ní Lowndes. Ẹyọ kan, kò sí! Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn òyìnbó, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ju iye àwọn òyìnbó tí ó tó ìdìbò lọ. Àwọn tí wọ́n ti kú, àwọn tí wọ́n ti kó lọ sí ibòmíràn, orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe dí àwọn adúláwọ̀ lọ́nà? Kóńdó wà níbẹ̀, ìbọn wà níbẹ̀, lílé kúrò lórí oko wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà ni wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ yóò ṣe ìdánwò. Wọn yóò ní kí ó ka apá kan nínú ìwé òfin ilẹ̀. Wọn yóò ní kí ó kọ ọ́. Wọn yóò bi í ní ìbéèrè lórí òfin, ìbéèrè tí lọ́yà pàápàá lè ronú lé lórí. Òyìnbó ni ó jókòó sí ìdí tábìlì. Òun ni yóò sọ pé o yege tàbí o kùnà. Tíṣà adúláwọ̀ tí ó kàwé jù ú lọ, ó lè sọ pé ó kùnà.

Ẹ wo irú ìwà yìí! Ilé-ìwé àwọn ọmọ adúláwọ̀ kò dára. Àwọn ọmọ ń ṣa òwú ní oko nígbà tí ó yẹ kí wọ́n jókòó níwájú tíṣà. Ìjọba tí kò kọ́ wọn ní ìwé, òun kan náà ni ó wá ń bi wọ́n ní ìwé.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 1965, Hulett àti àwọn mìíràn tí ó tó bí ogójì lọ sí kọ́ọ̀tù ní Hayneville, olú ìlú kaúńtì náà. Wọ́n ní àwọn wá kọ orúkọ. Wọ́n lé wọn padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tún lọ. Lọ́jọ́ yìí, ènìyàn méjì yege. John Hulett ni ẹnì kìíní. Ẹnì kejì ni oníwàásù kan tí ojú rẹ̀ kò ríran.

Mo máa ń ronú nípa oníwàásù yìí. Ẹni tí kò ríran lọ sí ibi ìdánwò ìwé kíkà, kò bẹ̀rù. Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún mi pé ojú yín ti ń ṣe bàìbàì, pé àgbà ti dé, ẹ rántí rẹ̀.

4. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ ní 1965

Ní oṣù kẹta yẹn kan náà, Àlùfáà Martin Luther King àti ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn láti Selma dé Montgomery láti bèèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà la Lowndes kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìrìn náà parí, ọjọ́ 25 oṣù kẹta, obìnrin òyìnbó kan tí ó ń fi mọ́tò rẹ̀ ran àwọn arìnrìn-àjò lọ́wọ́ ń kọjá ní Lowndes. Viola Liuzzo ni orúkọ rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ márùn-ún ni. Àwọn ènìyàn burúkú lé e lójú ọ̀nà, wọ́n yìnbọn pa á.

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n mú àwọn kan tí wọ́n ń fi ẹ̀hónú hàn ní Fort Deposit, wọ́n tì wọ́n mọ́ ẹ̀wọ̀n kaúńtì ní Hayneville. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan, Jonathan Daniels, tí ó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí láti ra ohun mímu. Ọkùnrin kan tí ó máa ń ran ṣẹ́rífù lọ́wọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn. Ó kọ ìbọn sí ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan, ọmọ ọdún 17. Daniels ti ọmọbìnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ni ìbọn bà. Ó kú lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n gbé ẹni tí ó yìnbọn lọ sí kọ́ọ̀tù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú méjìlá ni wọ́n máa ń yàn láti jókòó gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjìlá tí wọ́n yàn jẹ́ òyìnbó. Wọ́n ní kò jẹ̀bi. Ó lọ sílé.

Ẹ fi ẹjọ́ yìí sọ́kàn. A ó padà síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ṣe òfin kan lórí ẹ̀tọ́ ìdìbò. Òfin yìí dá ìdánwò ìwé kíkà dúró ní Alabama àti ní àwọn ibi tí ó dà bí rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ rán àwọn akọ̀wé tirẹ̀ wá sí Lowndes láti kọ orúkọ. Àwọn àgbẹ̀ wá. Àwọn arúgbó wá. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ rẹ̀ náà wá, wọ́n sì gbà á.

Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn onílẹ̀ bínú. Wọ́n lé ẹni tí ó bá kọ orúkọ kúrò lórí oko wọn. Ìdílé tí ó ti wà lórí ilẹ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kó ẹrù síta nígbà òtútù. Ẹgbẹ́ tí Hulett jẹ́ alága fún ra ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, wọ́n pa àgọ́ aláṣọ síbẹ̀. Nínú àgọ́ yẹn ni àwọn ìdílé kan gbé fún nǹkan bí ọdún méjì. Àwọn ènìyàn kan ń gba ojú ọ̀nà kọjá lóru, wọ́n ń yìnbọn lu àgọ́ náà. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò kúrò. Lónìí, ilé ìrántí kan dúró sí ibẹ̀ tí ènìyàn lè wọ̀ láti kọ́ nípa ìtàn yìí.

5. Àmọ̀tẹ́kùn dúdú

Nísinsìnyí, orúkọ ti wà nínú ìwé. Ta ni wọn yóò dìbò fún?

Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà lórí àlééfà ní Alabama nígbà náà ni ẹgbẹ́ Democrat. Àwòrán àkùkọ funfun ni àmì wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ tí ó wà lára àmì náà ni pé òyìnbó ni ọ̀gá. Ẹgbẹ́ náà ní Lowndes sì sọ owó tí ẹni tí ó fẹ́ du ipò ṣẹ́rífù yóò san di 500 dọ́là, dípò 50 dọ́là tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ wo ni yóò rí i san?

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà pẹ̀lú wọn láti inú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní SNCC. Olórí àwọn ọ̀dọ́ yìí ní Lowndes ni Stokely Carmichael, ọmọ ilẹ̀ Trinidad, ẹni tí ó wá ń jẹ́ Kwame Ture nígbẹ̀yìn, tí ó sì kú ní ilẹ̀ Guinea ní Áfíríkà ní 1998. Wọ́n wá inú ìwé òfin Alabama. Wọ́n rí i pé àwọn ará kaúńtì kan lè dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá Ẹgbẹ́ Òmìnira Kaúńtì Lowndes sílẹ̀. Hulett ni alága.

Òfin ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì, nítorí àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ìbò 1959, àwọn bàbá wa kò nílò ìwé kíkà láti mọ ọ̀pẹ yàtọ̀ sí àkùkọ. Àwọn ará Lowndes mú àmọ̀tẹ́kùn dúdú. Rárá o, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 2020! Ẹranko ni mò ń wí. Hulett ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ó ní àmọ̀tẹ́kùn kì í wá ìjà ẹnikẹ́ni. Bí a bá ń tì í, yóò máa fà sẹ́yìn, yóò máa fà sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi kan ògiri. Ìgbà náà ni yóò tó yí ojú padà, ohunkóhun tí ó bá sì wà níwájú rẹ̀ ti rí ìjà. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Oakland, ní California, mú àwòrán yìí lò fún ẹgbẹ́ tiwọn, gbogbo ayé sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Lowndes ni ó ti kọ́kọ́ di àmì ìbò.

Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1966, wọ́n fẹ́ pé jọ láti yan àwọn tí yóò du ipò. Wọ́n fẹ́ ṣe é níwájú kọ́ọ̀tù. Ṣẹ́rífù ìgbà náà kọ̀. Wọ́n lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Bí ènìyàn ẹgbẹ̀rún kan dín ọgọ́rùn-ún ni ó wá dìbò. Ohun tí wọ́n sọ pé kò lè ṣeé ṣe, ojú gbogbo ènìyàn ni ó ṣe é ṣe.

6. Ìwé kékeré bí irú èyí

Mo fẹ́ kí ẹ gbé ìwé yín sókè kí n rí i. Ẹ ṣeun.

Ní Lowndes, wọ́n tẹ ìwé kéékèèké bí irú èyí. Àwòrán wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rọrùn. Kí ni wọ́n kọ sí i? Wọ́n kọ iṣẹ́ tí ṣẹ́rífù ń ṣe. Wọ́n kọ iṣẹ́ ẹni tí ń bu owó-orí. Wọ́n kọ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, àti ti ẹni tí ń wádìí ikú òjijì. Àwọn àgbẹ̀ ń kà á fún ara wọn ní ìpàdé. Ẹni tí ó mọ̀wé ń kà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Kí ni èyí ṣe fún wọn? Tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé iṣẹ́ ṣẹ́rífù jẹ́ ohun awo tí òyìnbó nìkan lè ṣe. Nígbà tí wọ́n kà á, wọ́n rí i pé iṣẹ́ ni bí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó ní làákàyè, tí ó jẹ́ olóòótọ́, tí kò ṣe ojúsàájú, lè ṣe é. Ohun tí ènìyàn kò bá mọ̀, ó máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìwé a máa mú ìbẹ̀rù kúrò.

Ìbò dé ní oṣù kọkànlá ọdún 1966. Ènìyàn méje ni ẹgbẹ́ àmọ̀tẹ́kùn fà kalẹ̀. Ọkùnrin mìíràn ni ó du ipò ṣẹ́rífù. Hulett kò du ipò kankan, alága ni. Àwọn onílẹ̀ kan tún dẹ́rù ba àwọn tí ń gbé lórí ilẹ̀ wọn. Àwọn méjèèje ni wọ́n fìdí rẹmi. Méjèèje!

Bí ó bá jẹ́ àwa, ẹlòmíràn nínú wa yóò ní, "Ẹ ò rí i? Mo ti sọ fún yín." Ṣùgbọ́n ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ìbò tí wọ́n rí tó ohun tí òfin bèèrè, ìjọba sì ní láti gba ẹgbẹ́ wọn wọlé bí ẹgbẹ́ òṣèlú gidi. Wọ́n padà sílé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

7. Kóńdó bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, John Hulett fúnra rẹ̀ du ipò ṣẹ́rífù Lowndes. Ó wọlé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971 ni ó bọ́ sí orí iṣẹ́. Ọmọ ọdún 43 ni. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré ṣáájú ìgbà náà, kò sí adúláwọ̀ tí ó ní ìbò ní kaúńtì yẹn. Nísinsìnyí, ọmọ adúláwọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá tí ó béèrè ìbéèrè, ẹ gbọ́ o. Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí.

Ẹni tí ó pa Jonathan Daniels ṣì ń gbé ní Lowndes. Àwọn onílẹ̀ tí wọ́n lé àwọn ìdílé sínú òtútù ṣì wà níbẹ̀. Hulett mọ̀ wọ́n. Gbogbo ènìyàn mọ̀ wọ́n. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ó kọ́kọ́ nà?

Kò na ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kọ́ọ̀tù bá ti dá sílẹ̀, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tún gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù fún ẹ̀sùn kan náà. Ìdájọ́ yẹn burú, ó dun ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ti wáyé. Ọkùnrin náà gbé ní Lowndes títí ó fi kú ní 1997. Hulett di òfin mú, òfin tí kò gbà á sílẹ̀ nígbà tí òun náà wà ní ìsàlẹ̀.

Ohun tí ó yí padà ni ohun tí gbogbo adúláwọ̀ Lowndes lè rí lójoojúmọ́. Lílù tí àwọn agbófinró ń lu ènìyàn nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ dópin. Ènìyàn lè wa mọ́tò rẹ̀ kọjá lóru, kí iná mọ́tò ṣẹ́rífù tàn lẹ́yìn rẹ̀, kí àyà rẹ̀ má já. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti tó, ẹ bi ẹni tí ó ti bá ọlọ́pàá pàdé lóru rí.

Ọdún 22 ni ó fi ṣe ṣẹ́rífù. Ẹ rántí, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ìbò. Bí àwọn ènìyàn bá ti sú, wọn ì bá ti yọ ọ́. Léraléra ni wọ́n dá a padà. Àwọn òyìnbó kan náà wá ń tì í lẹ́yìn, nítorí wọ́n rí i pé ẹrù tí àwọn rò pé yóò wó lé àwọn lórí kò wó. Lẹ́yìn èyí, ó di adájọ́ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún àti ogún ní kaúńtì náà, títí di 2001. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ní ẹni ọdún 78.

N kò sọ pé áńgẹ́lì ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú ìjàkadì bá a wí nígbẹ̀yìn, wọ́n ní ó sún mọ́ àwọn olóṣèlú àtijọ́ jù. Òṣì kò sì tíì tán ní Lowndes títí di òní. Ṣẹ́rífù kò lè fún ènìyàn ní ilẹ̀, kò lè fún un ní iṣẹ́. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó má jẹ́ kí a fi òfin jẹ ènìyàn níyà. Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó ṣe é.

8. Ìdáhùn sí ìbéèrè bàbá

Bàbá, ẹ ní ta ni yóò kọ́kọ́ nà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yín títí.

Mo rò pé bí kóńdó bá ti ọwọ́ ọ̀gá kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan lójijì, ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún máa nà. A ti rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóńdó Hulett kò ti ọwọ́ ọ̀gá wá. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n sùn nínú àgọ́ ni ó ti gbà á. Ọwọ́ àwọn arúgbó tí wọ́n kọ orúkọ wọn ní ìgbà àkọ́kọ́ láyé ni ó ti gbà á. Wọ́n ti ka ìwé kékeré. Wọ́n mọ iṣẹ́ ṣẹ́rífù, wọ́n sì mọ ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, yóò padà wá bá wọn. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò jíhìn a máa rọra gbá ọwọ́.

Ìwà ọkùnrin náà wà níbẹ̀, mo gbà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà rere olórí nìkan kò tó. Ojú àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, ojú tí ó lè kàwé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ẹni tí ó fi ìbọn dí yín lọ́nà ìwé. Ohun tí ó dí yín lọ́nà ni oko, ọjà, ọmọ títọ́ àti àìsí owó nígbà èwe. Ẹ ti fo ọgbà yẹn kọjá. Ẹ má jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá mú ìwé kan wá pé kí ẹ tẹ ìka sí i, ẹ kọ́kọ́ kà á. Bí ọdún ìbò bá dé, ẹ wò ó bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé olùdìbò. Bí wọ́n bá yan ẹnì kan sí ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹ bèèrè pé, "Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an?" Bí ẹ bá sì kàwé kan tán, ẹ kà á fún ará ilé tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bí kóńdó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀yin náà lọ́jọ́ kan, ìbáà ṣe nínú ẹgbẹ́, ìbáà ṣe ní ọjà, ìbáà ṣe nínú ilé yín, ẹ rántí ṣẹ́rífù Lowndes.

Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ rọra máa lọ. Ilé á gbà wá o.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni iṣẹ́ ṣẹ́rífù? Ta ni ó ń fi í sí ipò?
2. Báwo ni wọ́n ṣe fi ìwé kíkà dí àwọn adúláwọ̀ Lowndes lọ́nà ìdìbò?
3. Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé kéékèèké tí wọ́n tẹ̀? Àǹfààní wo ni ó ṣe?
4. Ní 1966, àwọn méjèèje fìdí rẹmi. Kí ni wọ́n ṣe lẹ́yìn náà?
5. Bí ẹ bá wà ní ipò Hulett ní 1971, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ó jókòó tì yín, kí ẹ sì kọ ìlà mẹ́ta lórí rẹ̀.